Michael Crowder: Òyìnbó Oníròyìn Tó Di Òpìtàn Ilẹ̀ Wa

Bí ẹ bá ń gbọ́ wa nínú mọ́tò, ẹ kú ìrìn o. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe lẹ ń kà á lórí fóònù torí pé dátà ò tó láti gbọ́ ohùn, ẹ kú ọgbọ́n. Ohun tí a sọ lórí ètò náà la tẹ̀ síbí. A kàn tún un tò díẹ̀ kó lè rọrùn fún kíkà ni.

Ìbéèrè kan la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ta ló kọ Eze Goes to School?

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ka ìwé náà ní pírámárì. Àwọn mìíràn, bàbá tàbí ìyá wọn ló kà á, tó sì ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún wọn nígbàkígbà tí wọn ò bá fẹ́ kàwé. Ìtàn ọmọdékùnrin kan ni, tó ń jà fitafita kó lè lọ sílé ìwé. Ó jáde ní 1963. Orúkọ ènìyàn méjì ló wà lára rẹ̀: Onuora Nzekwu àti Michael Crowder. Nzekwu, ọmọ Ìgbò ni, òǹkọ̀wé pàtàkì sì ni. Ta wá ni Crowder?

Òyìnbó ni. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Oníròyìn ni kó tó di òpìtàn, Nàìjíríà ló sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ rẹ̀: Èkó, Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀, Zaria, kó tó tún padà sí Èkó. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí pé ó jẹ́ òyìnbó la ṣe fẹ́ sọ ọ́. Ohun tó wà lọ́kàn wa ni pé: nígbà tí àlejò bá gbé kálámù láti kọ ìtàn onílé, kí ló máa ń kọ dáadáa, kí ló máa ń fojú fò, kí sì ni ó yẹ kí onílé fúnra rẹ̀ ṣe? Ìbéèrè yìí kan gbogbo ìlú kéékèèké tó wà ní ìhà ibí yìí, ó sì kan Agbabu gan-an. A máa dé Agbabu tó bá yá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tẹ̀lé ọkùnrin yìí.

Sójà tó di olóòtú

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí Michael Crowder sí ní 1934. Nígbà tó bàlágà, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí ọ̀dọ́kùnrin ṣiṣẹ́ sójà fún ìgbà díẹ̀. Nàìjíríà ni tirẹ̀ já sí. Ó wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní Nigeria Regiment láàrin 1953 àti 1954. Kò tíì ju bí ọmọ ogún ọdún lọ. Lẹ́yìn èyí ló padà lọ kàwé ní Yunifásítì Oxford, ó sì parí ní 1957.

Ọdún 1959 ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ fún un. Lọ́dún yẹn ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, Pagans and Politicians, tó fi ròyìn ìrìn àjò rẹ̀ káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Lọ́dún yẹn kan náà ló di olóòtú Nigeria Magazine ní Èkó.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ìwé ìròyìn yìí díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wa ò bá a. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ E. H. Duckworth ló dá a sílẹ̀ ní 1933. Nigerian Teacher ni wọ́n ń pè é nígbà náà, kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà. Owó ìjọba ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni fọ́tò àti àròkọ nípa ọdún ìbílẹ̀, ère, ilẹ̀kùn gbígbẹ́, ààfin ọba, egúngún, ọjà àti ìlú. Bí ẹ bá rò ó wò, iṣẹ́ tí àwọn ojú ewé kan ń ṣe lórí Instagram lónìí, tí wọ́n ń gbé àwòrán ìlú kan tẹ̀ lé òmíràn, ló ń ṣe. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé orí bébà ni, ẹni tó bá rà á á sì tọ́jú ẹ̀.

Ẹ wo àsìkò tí Crowder bọ́ sí. Òmìnira ń bọ̀ ní October 1960. Gbogbo ayé fẹ́ mọ orílẹ̀-èdè tuntun yìí. Ìwé ìròyìn náà gbé àkànṣe jáde fún òmìnira náà, Crowder ló sì ṣe olóòtú rẹ̀. Títí di 1962 ló wà nídìí iṣẹ́ náà, Onuora Nzekwu ló sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ò rí i báyìí pé àwọn méjèèjì tí orúkọ wọn wà lára Eze Goes to School, ibi iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ti jọ wà.

Kí ni ìyàtọ̀ oníròyìn àti òpìtàn?

Oníròyìn máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí. Òpìtàn máa ń béèrè ohun tó fà á, àti ohun tó yí padà lẹ́yìn rẹ̀. Oníròyìn ń bá àsìkò sáré, torí bí ìròyìn bá pẹ́, ó ti kú. Òpìtàn ń dúró de àsìkò, torí ìwé kan lè wà tí wọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí títí ọgbọ̀n ọdún yóò fi kọjá.

Ẹ jẹ́ ká fi Ore tó wà nítòsí wa ṣe àpẹẹrẹ. Ní August 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra gba ìlú Benin, wọ́n sì kọrí síhà Èkó. Ore ni wọ́n dé tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ fi dá wọn dúró, tí wọ́n sì lé wọn padà. Látìgbà náà, bí nǹkan bá burú tàbí tó gbóná kọjá àlà, Yorùbá á ní, "Ó le kú, ìjà Ore." Ọ̀rọ̀ ẹnu ló gbé ogun yẹn dé ọ̀dọ̀ wa.

Àwọn oníròyìn ilẹ̀ òkèèrè wá wo ogun náà. Frederick Forsyth kọ ìwé lórí rẹ̀, ó jáde ní 1969 kí ogun tó parí, ìhà Biafra ló sì ti wò ó. John de St. Jorre, tó ń ṣiṣẹ́ fún ìwé ìròyìn The Observer, kọ tirẹ̀, ó jáde ní 1972. Ìwé tó wúlò ni, torí pé ojú wọn ló tó o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ oko ẹni tí wọ́n gbẹ́ kòtò ogun sí ní Ore, àwọn ìdílé tó sá lọ, ibi tí wọ́n sá sí, àti àwọn tí kò padà wálé mọ́, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè tó o. Ẹnì kan ní láti padà wá nígbà tí ariwo ti rọlẹ̀, kó jókòó ti àwọn àgbà, kó sì wá ìwé àtijọ́. Iṣẹ́ òpìtàn nìyẹn.

Iṣẹ́ oníròyìn ní agbára tirẹ̀ náà, agbára ọ̀hún sì máa ń dẹ́rù bani nígbà míì. Ní January 1897, obìnrin oníròyìn kan, Flora Shaw, kọ àròkọ sínú ìwé ìròyìn The Times ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó dá a lábàá pé kí wọ́n máa pe àwọn ilẹ̀ tó yí odò Ọya ká ní Nigeria. Orúkọ náà mọ́ wa lára. Ẹ rò ó wò: oníròyìn kan jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sọ ilẹ̀ tó tóbi tó báyìí lórúkọ, ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ni ilẹ̀ kò sì gbọ́ sí i. Nígbà tó yá ló fẹ́ Lugard, ẹni tó so Gúúsù àti Àríwá pọ̀ ní 1914.

Ìgbà tí wọ́n ní a ò ní ìtàn

Ní 1962 ni Crowder gbé ìwé tó sọ ọ́ di olókìkí jáde: The Story of Nigeria. Kí ìwé náà tó lè yé wa, ó yẹ ká mọ irú ọ̀rọ̀ tó ń lọ láyé nígbà náà.

Ní 1910, Leo Frobenius láti ilẹ̀ Jámánì dé Ilé-Ifẹ̀, ó sì rí àwọn orí amọ̀ àti orí idẹ tí wọ́n ṣe dáradára. Ẹnu yà á. Ṣùgbọ́n kàkà kó gbà pé àwọn baba ńlá àwọn tó bá níbẹ̀ ló ṣe wọ́n, ó lọ gbé ìtàn kan kalẹ̀ pé àwọn ará Atlantis, ìlú àròsọ tí òkun gbé mì, ló ṣe é. Ojú rẹ̀ rí iṣẹ́ náà, ọkàn rẹ̀ ò gbà pé òṣìṣẹ́ ló wà níwájú rẹ̀.

Ẹ má rò pé ayé àtijọ́ nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní 1963, lẹ́yìn ọdún kan tí ìwé Crowder jáde, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn kan ní Oxford, Hugh Trevor-Roper, ṣì sọ ní gbangba pé kò sí ìtàn Áfíríkà tí a lè kọ́ ènìyàn, pé ìtàn òyìnbó ní Áfíríkà nìkan ló wà, òkùnkùn sì ni ìyókù.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ti ń kọ ìtàn tipẹ́. Àlùfáà Samuel Johnson ti kọ The History of the Yorubas tán ní 1897. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Johnson sì kú láìrí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó kù. Ọdún 1921 ló tó jáde. Kenneth Dike gbé ìwé tirẹ̀ jáde ní 1956 lórí òwò àti ìṣèlú ní Niger Delta, Saburi Biobaku sì gbé tirẹ̀ jáde lórí àwọn Ẹ̀gbá ní 1957. Dike yìí kan náà ló ṣáájú nínú kíkó àwọn ìwé ìjọba àtijọ́ jọ, èyí tó bí ilé àkójọ ìwé ìjọba, National Archives, tó wà ní Ìbàdàn títí dòní.

Nítorí náà, Crowder kọ́ ló wá sọ fún wa pé a ní ìtàn. Ohun tó ṣe ni pé ó kó iṣẹ́ àwọn òpìtàn wọ̀nyí jọ mọ́ tirẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ìwé kan tí ènìyàn lásán lè kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ oníròyìn ti ràn án lọ́wọ́. Gbólóhùn rẹ̀ kì í lọ́ bí ìgbín. Àtẹnumọ́ ìwé náà ni pé Nàìjíríà kò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Kí Lugard tó dé, Hausa ń bá Yorùbá ṣòwò, Nupe ń bá Ọ̀yọ́ jagun, Benin ní ọ̀nà tirẹ̀ dé Èkó, àwọn èrò odò sì ń gbé ẹrù lọ gbé ẹrù bọ̀ lórí odò Ọya. Wọ́n ti mọ ara wọn, ní ọ̀rẹ́ àti ní ọ̀tá. Ó tún ìwé náà ṣe léraléra bí ìwádìí tuntun ṣe ń jáde, ẹ̀dà kẹrin rẹ̀ sì jáde ní 1978.

Láti Ìbàdàn dé Ifẹ̀

Nígbà tó kúrò ní ìdí ìwé ìròyìn, Yunifásítì Ìbàdàn ló lọ, ní ilé ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà, Institute of African Studies. Lẹ́yìn náà ló kọ́ni fún ìgbà díẹ̀ ní Berkeley lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, ó sì ṣe olùdarí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní Fourah Bay College, Freetown, Sierra Leone. Ní 1968, ó padà sí Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí olùdarí Institute of African Studies ní Yunifásítì Ifẹ̀.

Ifẹ̀ yìí dùn. Lásìkò yẹn ni ilé ẹ̀kọ́ náà ní ibùdó àṣà kan tí wọ́n ń pè ní Orí Olókun. Àárín ìlú ni wọ́n gbé e sí, kì í ṣe inú ọgbà yunifásítì, kí ará ìlú lè rìn wọlé. Níbẹ̀ ni Ọlá Rótìmí ti kọ́kọ́ ṣe eré The Gods Are Not to Blame ní 1968. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Euba wà níbẹ̀ fún orin, Solomon Wangboje wà fún iṣẹ́ ọnà. Ẹ tún wo orúkọ yẹn dáadáa. Ọ̀kan lára orí tí Frobenius rí ní 1910 ni wọ́n ń pè ní Orí Olókun. Àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn tó ní ará Atlantis ló ṣe é, àwọn ọmọ onílé fi orúkọ rẹ̀ pe ibi iṣẹ́ ọnà tiwọn.

Láti Ifẹ̀, Crowder lọ sí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ní 1971, ó sì padà sí Èkó ní 1975. Láàrin àkókò yìí, òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Jacob Adé Àjàyí jọ ṣe olóòtú History of West Africa. Apá kìíní jáde ní 1971, apá kejì ní 1974. Ṣáájú ìyẹn, ní 1968, ó ti kọ West Africa under Colonial Rule. Ó sì ṣe olóòtú ìwé mìíràn lórí bí àwọn ènìyàn Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ṣe fi ìbọn dènà òyìnbó. Ogun Ìjẹ̀bú ti 1892 wà nínú rẹ̀. Kókó ìwé náà ni pé ìjọba òyìnbó kò wọlé wẹ́rẹ́ bí omi. Wọ́n bá wọn jà.

Bí ó ṣe ṣiṣẹ́: ọ̀rọ̀ Bussa

Bí ẹ bá fẹ́ rí ọwọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òpìtàn gidi, ìwé kékeré kan ni ká wò: Revolt in Bussa, tó jáde ní 1973.

Bussa wà ní ilẹ̀ Borgu, lẹ́bàá odò Ọya. Ohun tí ọ̀pọ̀ òyìnbó mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé ibẹ̀ ni Mungo Park kú sí ní 1806. Ìtàn tiwọn ni wọ́n bá dé ibẹ̀, ìtàn tiwọn náà ni wọ́n sì gbé lọ. Crowder béèrè ìbéèrè mìíràn: kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Bussa fúnra wọn nígbà tí ìjọba òyìnbó dé?

Ohun tó rí nìyí. Àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó fẹ́ ṣèjọba láti ẹ̀yìn ọba, bí wọ́n ti ń ṣe ní ilẹ̀ Hausa. Ṣùgbọ́n ètò ilẹ̀ Hausa kọ́ ni ètò Borgu. Wọ́n yí agbára ọba padà, wọ́n fi àwọn òṣìṣẹ́ tuntun jẹ lórí àwọn ènìyàn, wọ́n sì ń gba owó orí. Ní 1915, àwọn ènìyàn fárí gá. Wọ́n kọlu àwọn òṣìṣẹ́ tuntun náà, wọ́n sì pa lára wọn. Ìjọba rán sójà, wọ́n sì tẹ ọ̀tẹ̀ náà rì.

Nínú ìwé ìjọba, irú ọ̀rọ̀ báyìí lè jẹ́ ìpínrọ̀ kan péré: "rògbòdìyàn díẹ̀ wà ní Bussa." Crowder ka lẹ́tà àwọn ajẹ́lẹ̀ fúnra wọn, ó sì fi wọ́n wé ohun tí àwọn ènìyàn Borgu sọ. Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Òfin àkọ́kọ́ iṣẹ́ ìtàn nìyẹn. Ìwé tó ti inú èyí jáde kò gbè sẹ́yìn ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ó fi hàn pé àìmọ̀kan àwọn ajẹ́lẹ̀ ló kó ìyà bá ìlú náà.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó yẹ kó ká wa lára. Nígbà tí wọ́n dí odò ní Kainji ní 1968, omi bo Bussa àtijọ́, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lọ sí Bussa tuntun. Ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹlẹ̀ ti wà lábẹ́ omi. Ìwé àti ìrántí àwọn ènìyàn ló kù.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀

Láàrin 1979 àti 1981, Crowder wà ní Lọ́ńdọ̀nù gẹ́gẹ́ bí olóòtú History Today, ìwé ìròyìn nípa ìtàn. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ kọ́ni ní Yunifásítì Botswana, ibẹ̀ ló sì ti rí ìtàn tó fi kọ ìwé rẹ̀ tó kẹ́yìn.

Ní 1933, ní ìlú Serowe, Tshekedi Khama, tó ń ṣe adelé ọba fún àwọn Bangwato, pàṣẹ pé kí wọ́n na ọ̀dọ́kùnrin òyìnbó kan, Phinehas McIntosh, nítorí ìwà tó ń hù ní ìlú. Ariwo ta. Ọ̀gágun ojú omi kan kó sójà àti ìbọn ńlá wọ inú aṣálẹ̀ torí ọ̀rọ̀ pàṣán. Wọ́n yọ Tshekedi, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi dá a padà sípò, torí gbogbo ayé ló ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìwé Crowder lórí ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1988, lọ́dún tí òun náà kú, lẹ́ni ọdún 54. Ó ń kọ ìtàn ìgbésí ayé Tshekedi lọ́wọ́, kò sì parí rẹ̀.

Ṣé ká kàn máa yìn ín ni?

Rárá. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ní 1959, ọmọ ọdún 25 tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi ṣe olóòtú ìwé ìròyìn tó ń fi Nàìjíríà han ayé. Irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣí kíákíá fún ọmọ onílé nígbà náà. Ilé ìtẹ̀wé Lọ́ńdọ̀nù ló sì tẹ ìwé ńláńlá rẹ̀ jáde, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì wà. Màmá tó ń ta gàrí ní Bussa, tí ìtàn ìdílé rẹ̀ wà nínú ìwé, kò lè kà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni àlejò tó bá gbára lé ìwé àwọn ajẹ́lẹ̀, bó ti wù kó ṣọ́ra tó, yóò máa gbọ́ ohùn ọba àti ìjòyè ju ohùn obìnrin àti àgbẹ̀ lọ, torí àwọn ìjòyè ni ajẹ́lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun tó mú kí tirẹ̀ dára ju ti ọ̀pọ̀ lọ ni pé kò dá nìkan ṣe é. Nzekwu ni wọ́n jọ kọ ìwé ọmọdé. Àjàyí ni wọ́n jọ ṣe ìwé àwọn àgbà. Ẹnì kejì rẹ̀ tó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ni Basil Davidson, oníròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ́mọ ọdún 16, tó ṣiṣẹ́ fún The Times àti New Statesman, tó sì wá di òpìtàn. Nígbà tó kọ ìwé ìtàn Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà fún ilé ìwé girama ní 1965, F. K. Buah láti Ghana ni wọ́n jọ kọ ọ́, Àjàyí sì gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ní 1984, ó ṣe ètò tẹlifíṣọ̀n alápá mẹ́jọ lórí ìtàn Áfíríkà. Ó kú ní 2010, lẹ́ni ọdún 95. Àlejò tó bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ onílé kì í sábà ṣìnà.

Ó wá kan Agbabu

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká sọ tiwa. Agbabu wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, lẹ́bàá odò Olúwa. Ọ̀dà dúdú, èyí tí wọ́n fi ń ṣe títì, wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀. Bí oòrùn bá mú gan-an, á máa yọ́ jáde fúnra rẹ̀. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan, Nigerian Bitumen Corporation, tí John Simon Bergheim jẹ́ olórí rẹ̀, ti wá gbẹ́ kànga wá epo àti ọ̀dà ní agbègbè yìí. Lásìkò tí Frobenius ń gbẹ́ ilẹ̀ Ifẹ̀ gan-an nìyẹn. Ogun dé, wọ́n palẹ̀ mọ́. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí, ọ̀dà ṣì wà nílẹ̀, a sì ṣì ń ra ọ̀dà títì láti òkè òkun.

Bí ẹ bá wá Agbabu lórí Google, ọ̀dà ni ẹ máa rí. Fọ́tò ọwọ́ tí ọ̀dà bò. Ìlérí ìjọba. Orúkọ ilé-iṣẹ́. Ìròyìn ni wọ́n, wọ́n sì láyè tiwọn. Ṣùgbọ́n ta ló kọ orúkọ àwọn tó ru ẹrù àwọn agbẹ́kànga nígbà yẹn? Oko ta ni wọ́n gbẹ́? Kí ni wọ́n san fún un? Kí ni àwọn baba ńlá ń fi ọ̀dà ṣe kí òyìnbó tó dé? Báwo ni omi odò ṣe rí nígbà náà, irú ẹja wo ni wọ́n sì ń pa níbẹ̀?

Ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe eré. Lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ kan bá tún dé pẹ̀lú ìwé àdéhùn, àwọn tó ní àkọsílẹ̀ ló máa lẹ́nu ọ̀rọ̀ ní ìjókòó náà. Ẹni tí ìtàn ilẹ̀ rẹ̀ wà nínú orí nìkan, wọ́n á ní kó mú ẹ̀rí wá. Àgbà tó sì ní ìtàn náà lórí, ọjọ́ ń lọ lórí rẹ̀.

Ohun tí Crowder lò ní Bussa, ìwé, ẹsẹ̀ àti etí ni. Ẹ̀yin ní fóònù kún un. Torí náà, ohun tí ẹ lè ṣe nìyí, yálà ọmọ Agbabu ni yín, ọmọ Ore, tàbí ìlú yòówù tí bàbá yín ti wá.

Ẹ lọ bá àgbà kan lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ kí i dáadáa, ẹ sọ ìdí tí ẹ fi wá, ẹ sì gba àṣẹ kí ẹ tó tẹ ohùn gbígbà sílẹ̀. Kó sọ orúkọ rẹ̀, orúkọ ìlú àti ọjọ́ náà síbẹ̀rẹ̀ ohùn yẹn, torí ohùn tí kò ní ọjọ́ àti orúkọ, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ariwo lásán ni. Ẹ béèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́tọ̀, ẹ béèrè ohun tí wọ́n sọ fún un lọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kó fi èdè àdúgbò rẹ̀ sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, pàápàá àwọn obìnrin, torí àwọn ni àwọn ajẹ́lẹ̀ kì í sábà béèrè nǹkan lọ́wọ́ wọn. Bí ọ̀rọ̀ wọn ò bá bára mu, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, ẹ má yan èyí tó wù yín. Ẹ fi ẹ̀dà kan pa mọ́ síbòmíràn, kó má jẹ́ pé bí fóònù bá sọnù, ìtàn ìlú ti lọ nìyẹn. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé Johnson. Àbúrò rẹ̀ ló kó o yọ, torí pé àkọsílẹ̀ wà nílẹ̀.

Bí ẹ bá sì wà nítòsí Ìbàdàn, ẹ lọ sí National Archives. Ìwé àwọn ajẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ nípa ìlú yín, kí ẹ sì gbé e wá sílé fún àwọn àgbà láti gbọ́. Ẹ̀rín tí wọ́n máa rín sí apá kan nínú rẹ̀, ìtàn ni òun náà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a ò bá bá ìtàn, a ó bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn. Wọ́n tún ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ibi tí a máa dúró sí lónìí nìyí. Bí ẹ bá ti gba ohùn àgbà kan sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ àròkọ yìí: ìlú wo ni, ọ̀rọ̀ kí ni, kí ló sì yà yín lẹ́nu jù? A óò kà á lórí ètò. Ẹ pín in fún àwọn ará ilé lórí WhatsApp, pàápàá àwọn tó ka Eze Goes to School tí wọn ò wo orúkọ kejì. Ó dìgbà kan ná o. Ire o.